Òkúta ìdí ògiri: láti etí òkun Southsea títí dé etí Àsà

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Southsea, nínú ìlú Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń ṣe ògiri tuntun sí etí òkun tí àwọn èèyàn ti ń gbafẹ́ nítòsí ilé wọn. Ohun tí mo ń rí ò yé mi. Níbì kan, wọn ò mọ ògiri náà ga, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ṣe. Níbòmíràn, wọ́n da òkúta ràgàjì síwájú ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́. Ó ní wọ́n tún ń kó òkúta wẹ́wẹ́ dà sétí omi. Ṣé òkun ò ní gbé e lọ ni? Àbí owó ni wọ́n ń jẹ? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ilé bàbá wa wà létí Odò Àsà, lápá ìsàlẹ̀ afárá Amilẹ́gbẹ́. Ẹbí ti ń dáwó jọ ká fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri sẹ́yìnkùlé, kí omi má baà gbé e lọ. Bíríkìlà wa ní kó ga, kó sì nípọn, ó parí. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ká ṣe bíi tàwọn Òyìnbó? Àlájà kan, Ìlọrin.

Ìdáhùn:

Àlájà, ẹ kú ìtọ́jú ilé bàbá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ tò ó sí kọ̀rọ̀ kan ná, agboolé ò ní ṣàì rí ohun tí yóò fi ṣe. Ìbéèrè méjì lẹ fi ránṣẹ́, àmọ́ ìdí kan náà ló so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ sì ni bíríkìlà yín ò tíì wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń ṣe àlùwàlá. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa ní Ìlọrin, ojú kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ń jókòó sí bí àkókò ìrun bá tó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni omi inú búútà ń dà sójú kan náà. Omi ọ̀hún ò tó nǹkan, kò lè gbé ewé. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ògiri níbẹ̀. Ilẹ̀ ti jìn, búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ pátápátá ti yọ eyín síta, iyanrìn abẹ́ ẹ̀ sì ti ń hó kúrò díẹ̀díẹ̀. Omi ò bá ògiri yẹn jà rárá. Ilẹ̀ tí ògiri dúró lé ló ń jẹ. Kí sì ni àwọn ìyá wa máa ń ṣe sí i? Wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ àti àfọ́kù ìkòkò dà sójú ibẹ̀. Omi á bọ́ lé àfọ́kù, á fọ́n ká, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó kan ilẹ̀.

Iṣẹ́ tí àfọ́kù ìkòkò yẹn ń ṣe ni gbogbo òkúta tí ọmọ yín ń yà ní fídíò ń ṣe.

Agbára òkun ló kàn pọ̀. Tànkí tó ń gba lítà 1,000 tó wà lórí ilé yín, tí a bá fi omi òkun kún un, omi inú ẹ̀ á wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ díẹ̀. Ìgbì kan ṣoṣo lè ju ọ̀pọ̀ irú tànkí bẹ́ẹ̀ lu ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn á sì ti wà lẹ́yìn ẹ̀ kí ẹ tó ka ení dé ẹ̀wá. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni pé ká mọ ògiri tó ga, tó nípọn, tó dúró ṣánṣán, kó kò ó lójú. Bíríkìlà yín ò ṣẹ̀ lọ́nà yẹn, àwọn ẹnjiníà Òyìnbó pàápàá ti gbára lé e fún ọjọ́ pípẹ́. Àmọ́ ògiri tó dúró ṣánṣán kì í pa ìgbì, ńṣe ló ń dá a padà. Èyí tó ń padà lọ á pàdé èyí tó ń bọ̀, ọ̀kan á gun orí èkejì, omi iwájú ògiri á sì fò sókè tó nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga ìgbì náà. Ìyẹn ti òkè. Nísàlẹ̀, níbi tí ojú ò tó, omi á máa ja iyanrìn ìdí ògiri bí ẹní fi ìjábẹ̀ ja ewédú. Bí ògiri bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbẹ́ kòtò sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó.

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Galveston ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1900, ìjì ru òkun bo ìlú náà, ó pa èèyàn tó lé ní 6,000. Àwọn tó kù ò kó lọ. Láti 1902 sí 1904, wọ́n mọ ògiri kọnkéré tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17, tí ojú ẹ̀ tẹ̀ bí ikùn igbá kó lè máa gbé ìgbì sókè, kó sì dà á padà sẹ́yìn. Wọ́n tún fi jáàkì gbé ilé tó lé ní 2,000 nílẹ̀ kí wọ́n lè rọ iyanrìn sábẹ́ ìlú. Ìjì mìíràn dé ní 1915, ògiri dúró, òkú ò sùn bíi ti àkọ́kọ́. Mo máa ń ṣí fìlà fún àwọn èèyàn yẹn. Ṣùgbọ́n iyanrìn gbayawu tó wà níwájú ògiri náà kò dúró. Òkun kó o lọ, wọ́n sì ní láti to òkúta gíráńáìtì sí ìdí ògiri kó má baà rí ìpìlẹ̀ gbẹ́. Ògiri gba ìlú là, ó sì jẹ etíkun run. Ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Southsea lónìí mọ̀ nìyẹn, tí wọn ò fi kàn mọ ògiri kí wọ́n sì lọ sílé.

Ẹ wá wo òkúta ràgàjì tí ẹ ní ó ba ẹwà jẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìgbì má baà rí i yí. Ẹ ó rí i pé wọn kì í fi sìmẹ́ǹtì dì í pọ̀. Ihò tó wà láàárín wọn kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-ṣe, nítorí ihò yẹn gan-an ni wọ́n ṣe kó òkúta wá. Tí a bá wọn gbogbo òkìtì náà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ àlàfo lásán. Ìgbì á dé, á wọ inú ihò, á máa forí gbá láti ihò dé ihò bí ẹni tó sọnù sínú èrò lọ́jọ́ ọjà, nígbà tó bá fi máa jáde, kò ní agbára mọ́. Àtẹ̀gùn kọnkéré náà ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn: omi tó ń sáré gun òkè ń kọsẹ̀ lára àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní kejì tí àtẹ̀gùn ní ni pé lọ́jọ́ tí òkun bá rọlẹ̀, èèyàn lè jókòó sórí ẹ̀ jẹ àìsìkirimù. Southsea ń jẹun lára àwọn tó ń wá gbafẹ́. Bí wọ́n bá mọ ògiri tó ga ju orí èèyàn lọ, omi ò ní wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ wá wo ògiri?

Ẹ ní ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń jẹ. Portsmouth wà lórí erékùsù, apá tó pọ̀ níbẹ̀ ló sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Iṣẹ́ tí ẹ ń rí yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ó gùn tó kìlómítà 4.5, ilé tó lé ní 10,000 ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi sí i pé òkun ń kún, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Iṣẹ́ ìdí ògiri ò ṣeé ṣe àfi ìgbà tó bá fà. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń rí lò kí omi tó tún lé wọn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ irú ẹ̀ rí kò ní bi wọ́n léèrè ìdí tó fi pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọ yín lè kà lára pátákó wọn níbẹ̀, tí wọ́n á ní àwọn kọ́ ọ fún irú ìjì tó ń wá lẹ́ẹ̀kan nínú ọdún 200. Kì í ṣe pé tó bá ti wá lónìí, ó di ọdún 200 kó tó tún wá. Òjò kì í ka kàlẹ́ńdà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, bí ẹ bá kó kóró iṣin 200 sínú àpò, tí ẹyọ kan ṣoṣo jẹ́ pupa, ẹ ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì dá a padà. Ẹni tó bá gbé létí òkun yẹn fún ọdún 70 yóò ti ọwọ́ bọ àpò nígbà 70. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún pé á fa pupa yẹn yọ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Nítorí náà, ògiri kankan ò sí tí omi ò lè gbà lórí ẹ̀ kọjá láyé. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni pé bí omi bá tilẹ̀ kọjá, ògiri ò gbọ́dọ̀ wó, omi tó wọlé sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sétí omi wá ńkọ́? Etíkun Southsea kì í ṣe oníyanrìn bíi ti Èkó, òkúta róbótó róbótó ló wà níbẹ̀. Ẹ béèrè pé ṣé òkun ò ní gbé e lọ. Yóò gbé e lọ, Àlájà. Nítorí kó lè rí nǹkan gbé ni wọ́n ṣe dà á síbẹ̀. Ẹ rántí ilé alámọ̀ ayé àtijọ́: lọ́dọọdún bí òjò bá ti dá, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á tún ojú ògiri rẹ́. Kò sẹ́ni tó ní olówó ilé ń ṣòfò amọ̀. Ohun tí òjò jẹ lára rírẹ́ ni kò ráyè jẹ lára ògiri. Etíkun tó fẹ̀, tó sì dagun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wọ inú omi ni rírẹ́ ògiri òkun. Ìgbì á ti já lulẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán kó tó dé ìdí kọnkéré. Tó bá ṣe ọwọ́ mi ni, tí wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ògiri ńlá tí kò ní etíkun níwájú, tàbí ògiri kékeré tó ní etíkun gbayawu, èmi á mú èyí kékeré, n ó sì sùn dáadáa.

Etíkun kì í dúró sójú kan, òun gan-an ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò. Ìgbì kì í sábà wọlé ní tààràtà, ó máa ń dagun wá, ó sì ń ti iyanrìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójoojúmọ́. Létí òkun tiwa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni iyanrìn ń rìn. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà tó jìn gbà wọlé. Èbúté Èkó jèrè. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn dí iyanrìn lọ́nà. Èyí tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró sápá Lighthouse, ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bar Beach tó wà ní Victoria Island, lápá kejì, kò rí iyanrìn gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ òkun ò sì yé kó tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fa iyanrìn wá dà síbẹ̀, tí òkun tún ń kó o, títí tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ tó bọ́ sínú omi ju kìlómítà kan lọ ní ìbú. Ògiri ìlú tuntun Eko Atlantic tí wọ́n wá ń kọ́ lónìí, tí wọ́n ṣètò pé kó gùn ní kìlómítà 8.5, orí ibi tí òkun ti gbà yẹn ló gbà kọjá. Kọnkéré oníwo tọ́ọ̀nù márùn-ún márùn-ún ni wọ́n tò sójú ẹ̀, ọgbọ́n òkúta oníhò tí mo ṣàlàyé náà ni. Ó dúró dáadáa. Ẹ wá bi àwọn ará Okun Alfa tó wà lápá ìlà-oòrùn ẹ̀ léèrè, ìròyìn tí ẹ ó gbọ́ yàtọ̀: wọ́n ní láti ìgbà náà ni òkun ti dojú kọ àwọn. Tí ẹnì kan bá mọ ògiri, ẹ wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò sí i.

Ó ku ẹ̀yìn ògiri. Ibẹ̀ dùn mí jù, torí ògiri mi ti wó rí.

Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. A mọ ògiri kan sétí ìṣàn omi kékeré nínú ìgboro yìí, irin rọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀, kọnkéré ẹ̀ dára, mo fi ọwọ́ ara mi ka àpò sìmẹ́ǹtì. Mo fi ihò páìpù sí i ní mítà méjì méjì, kí omi ilẹ̀ máa gba ibẹ̀ sun jáde. Òjò oṣù kẹsàn-án rọ̀ mọ́jú, wọ́n wá pè mí láàárọ̀ pé odò ti wó ògiri. Nígbà tí mo débẹ̀, ògiri dọ̀bálẹ̀, ó sì kọrí sínú odò. Mo dúró, mo wò ó títí. Bó bá jẹ́ odò ló tì í, ṣé inú ilé kọ́ ni ìbá wó sí? Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ojú ẹ̀. Gbogbo ihò páìpù ni wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dí pinpin, wọ́n sì rẹ́ ẹ dán. Onílé ní ejò lè gbabẹ̀ wọlé, àti pé ó ń sun omi dúdú sójú ọ̀dà òun. Omi òrùlé rẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Mi ò lè bínú sí i. Èmi ni mo fi ihò sí ògiri onílé láì sọ ohun tó wà fún.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìṣirò ẹ̀. Bí omi bá kún ẹ̀yìn ògiri ní gíga mítà 2, agbára tó fi ń ti mítà kọ̀ọ̀kan gígùn ògiri náà tó tọ́ọ̀nù 2. Bó bá di mítà 3, kì í ṣe tọ́ọ̀nù 3, ó ti di 4 ààbọ̀. Mi ò tíì ka ẹrẹ̀ tó wà nínú omi náà. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ etí odò kì í fi í wó lọ́jọ́ òjò. Lọ́jọ́ òjò, odò kún, ó ń ti ògiri láti iwájú, ilẹ̀ ń tì í láti ẹ̀yìn, wọ́n gbé ara wọn. Ọjọ́ kejì ni omi odò á fà wàràwàrà, ti inú ilẹ̀ ò sì tíì jáde. Kò sí ẹni tó di ògiri mú níwájú mọ́. Irú ẹ̀ ni òkun ṣe fún wọn ní Dawlish, níhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kejì 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbì ló fọ́ ti ibẹ̀: bí ògiri ti là, ilẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ṣàn jáde bí ògì, ojú irin ọkọ̀ rélùwéè tó wà lórí ẹ̀ wá so rọ̀ lófuurufú bí okùn ìsáṣọ. Oṣù méjì ni ọkọ̀ ò fi kọjá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé bàbá yín.

Àsà kì í ṣe òkun, ẹ má ṣe da àtẹ̀gùn Southsea síbẹ̀. Òkun ń kọlu ògiri láti iwájú. Odò ń ha ẹ̀gbẹ́ ògiri bó ti ń lọ. Bí Àsà ti ń bọ̀ láti gúúsù, tó gba ibi ìsédò kọjá, tó la Ìlọrin já lọ sí àríwá, ó ń kọ́ kọ̀rọ̀. Níbi kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ìta ni omi ti ń sáré jù, ibẹ̀ ló ń gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ inú ni iyanrìn ń jókòó sí. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí ilé yín wà. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú ni, ó lè jẹ́ pé omi òjò láti àdúgbò yín ló ń gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé, tí odò ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Gọ́tà tó dára á tó yín, owó ẹbí á sì dúró sápò. Láyé àtijọ́, pápá ló ń gba òjò mu; nísinsìnyí, páànù, kọnkéré àti ọ̀dà títì ló bo ilẹ̀, kíá ni omi ń dé inú Àlùkò àti àwọn odò kéékèèké yòókù, tí wọ́n ń rọ́ wọnú Àsà lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìdọ̀tí tí a ń dà sódò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìta ni ẹ wà, ògiri búlọ́ọ̀kù gogoro ni mo ní kí ẹ má mọ. Bíríkìlà yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní oṣù kìíní, nígbà tí odò ti fà, yóò rí ilẹ̀ líle ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, inú ẹ̀ á sì dùn. Ilẹ̀ yẹn ń tan án ni. Nígbà tí omi bá kún, odò máa ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ jìn, tó bá wá ń fà, á tún da iyanrìn padà sí kòtò náà. Ohun tí ẹ ń rí lẹ́ẹ̀rùn kì í ṣe ìsàlẹ̀ odò lọ́jọ́ ìjà. Búlọ́ọ̀kù ò lè tẹ̀, bí abẹ́ ẹ̀ bá ti ṣófo níbì kan, ó là nìyẹn.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ ilé mi rèé. Àpótí tí wọ́n fi wáyà hun, tí wọ́n ń di òkúta kún. Òkúta ò wọ́n wa ní Kwara, láti ibí títí dé Òfà àti Òmù-Àrán, orí àpáta la jókòó lé. Ẹ fi ọwọ́ to òkúta inú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi típà dà á, kí èyí tó tóbi ju ojú wáyà lọ nìkan wọlé. Kí wọ́n tó gbé àpótí àkọ́kọ́ kalẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ asẹ́ kan sábẹ́ ẹ̀ àti sẹ́yìn ẹ̀. Iṣẹ́ asẹ́ ògì náà ló ń ṣe: omi á jáde, ẹrẹ̀ á dúró. Àwọn oníṣẹ́ ayédèrú máa ń yọ aṣọ yìí kúrò torí pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi fojú yín rí i pé wọ́n tẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, kí ìpele àpótí ìsàlẹ̀, èyí tó pẹlẹbẹ, yọ síwájú wọnú odò ní mítà méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí odò bá gbẹ́ iwájú ẹ̀, etí rẹ̀ á tẹ̀ sínú kòtò bí etí ẹní tó bọ́ kúrò lórí ibùsùn, á sì bo ojú ibi tí odò fẹ́ jẹ. Àfọ́kù ìkòkò ìdí àlùwàlá nìyẹn, ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ni.

Àpótí tó kù, ẹ máa fà á sẹ́yìn bí ẹ ti ń gun òkè, ẹ má jẹ́ kó dúró ṣánṣán. Ìgbátí òkè ò nílò òkúta; ẹ gbin koríko fẹ́tífà (vetiver) síbẹ̀ ní ìlà ìlà, gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tààrà tó mítà mẹ́ta. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹ rí i pé ògiri yí wọnú ilẹ̀ bí ẹni ká apá mọ́ra, torí odò tí kò rí iwájú jẹ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Omi òrùlé àti ti balùwẹ̀, kí páìpù gbé e kọjá sódò, kó má dà sẹ́yìn ògiri.

Ẹ lọ bá àwọn tó múlé tì yín lókè àti nísàlẹ̀, ẹ sì dé òdìkejì odò pẹ̀lú. Bí ẹ bá fún odò lọ́rùn lápá tiyín, ilé wọn ló máa gbà. Ọ́fíìsì Lower Niger River Basin, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò, wà níbí ní Ìlọrin, ẹ tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú àwòrán ibẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun. Odò ìjọba ni, kì í ṣe ti ẹbí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ẹbí lè má fẹ́ gbọ́. Tí ìyókù ẹ̀yìnkùlé ò bá ju mítà díẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ ṣalángá àti ilé ìdáná àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ó lè sàn kí ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún odò, kí ẹ gbé ìdáná wá síwájú, kí ẹ sì mọ ààbò yín sẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtòṣì. Ní Medmerry, etíkun kan tí kò jìnnà sí ibi tí ọmọ yín wà, kíkó òkúta etíkun jọ lọ́dọọdún ti rẹ àwọn Òyìnbó. Ní 2013, àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ẹnu ọ̀nà fún òkun kó wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ebè ńlá tó gùn tó kìlómítà 7 sẹ́yìn pátápátá. Ẹyẹ àti ẹja ló ń gbé ilẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pinnu, ẹ dúró di oṣù kìíní. Ẹ rán ọmọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí fẹ́ǹsì àtijọ́ tó wà níbẹ̀, kó mú irin rọ́ọ̀dù gígùn dání, kó máa fi gún ilẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ibi tí irin bá ti wọlẹ̀ ṣùrù láìsí ìdíwọ́, kó fi ẹfun sàmì sára ògiri lókè ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo àmì ẹfun náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.